Góòlù Tí Mo Kúnlẹ̀ Fún

Ẹ ti rí fídíò náà. Ẹ má parọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Johannesburg tí kò tíì rí i, àwọn tó wà nílé náà sì ti rí i, torí ìyá mi fúnra ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Èmi ni ẹni tó wọ aṣọ pupa, tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé góòlù tiwa, tí bọ́ọ̀lù ń gba òkè orí ẹ̀ kọjá lọ sínú àwọ̀n. Ẹni tó fi orí kan bọ́ọ̀lù náà, tó wọ aṣọ funfun, tó wá ń sáré kiri bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, àǹtí mi nìyẹn. Kì í ṣe àbúrò ìyá mi, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Kọ́nà ni wọ́n fẹ́ gbá. Iṣẹ́ mi, ìyẹn iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ wọ bàálù wá sí ilẹ̀ yìí, ni pé kí n dúró ti ẹni tó léwu jù nínú wọn, kí n má jẹ́ kó fò, tó bá sì ráyè fò, kí n fò jù ú lọ. Báákì ni mí. Àárín ẹ̀yìn ni mo ń gbá. Kì í ṣe iṣẹ́ afínjú. Àwọn tó ń gbá iwájú ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, àwa, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni kámẹ́rà máa ń rántí wa. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti di àǹtí mi mú nídìí aṣọ, ìgbọ̀nwọ́ mi ti wà ní ìhà rẹ̀ níbi tí rẹfirí ò ti lè rí i, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ọmọ tó fẹ́ gbá kọ́nà ti gbé ọwọ́ sókè. Bí àǹtí mi ṣe yíjú sí mi nìyẹn. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wá fi ohùn tó fi ń bá mi wí láti kékeré sọ̀rọ̀:

"Ìwọ ọmọ yìí, látìgbà tá a ti wà níbí, o ò rí mi kí?"

Orúnkún mi ò bi mí léèrè o. Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ káàsán, mà" ti jáde lẹ́nu mi tán. Bọ́ọ̀lù dé, ó fò, góòlù! Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń retí kó dá mi lóhùn.

Kí n tó sọ ohun tí kóòṣì mi wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ sí mi, kí ẹ má baà rò pé orí mi ò pé. Ní Abẹ́òkúta, ní kíláàbù tí mo ti bẹ̀rẹ̀, òun ni kápútẹ́ẹ̀nì. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, ẹsẹ̀ mi tín-ín-rín, ẹnu mi ló lágbára. Àwa ọmọ tuntun là ń pọnmi fún àwọn àgbà, àwa là ń fọ sọ́ọ̀kì wọn, tó bá sì di àárọ̀, a ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Tí mo bá gbàgbé láti kúnlẹ̀, àǹtí mi á ní kí n sáré yí pápá ká. Tí mo bá sáré tán, á ní kí n wá kúnlẹ̀ tí mi ò kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo kórìíra ẹ̀ bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ mí di báákì. Ọwọ́ iwájú lòun ń gbá, ó mọ gbogbo ẹ̀tàn tí àwọn ará iwájú fi ń tan èèyàn, ó sì jókòó tì mí, ó tú gbogbo ẹ̀ fún mi. "Má wo ojú ẹni tó ń bọ̀," á ní, "ojú máa ń parọ́. Ìbàdí ni kó o máa wò. Ibi tí ìbàdí bá ń lọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ." Nígbà tó rékọjá wá sí Johannesburg, kò gbàgbé mi. Ó bá àwọn èèyàn kíláàbù tí mo wà báyìí sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pè mí. Òun ló wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo gbé ní Mayfair, nínú ilé oníyàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ará Somalia tó ń ta aṣọ, èmi àti ọmọ ẹ̀ obìnrin là ń sùn pọ̀ títí mo fi rí ilé tèmi. Àǹtí mi nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wá sọ bí ẹ ò ṣe ní kúnlẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Nínú ayé, àǹtí mi fi ọdún méje jù mí lọ. Nínú bọ́ọ̀lù, èmi ni mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù wa nílé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ìyá bí èèyàn. Àwọn tó kó àǹtí mi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ nígbà náà ló bá wọn gé e, látìgbà náà ni kò sì ti ríbi dá èyí tí wọ́n gé padà sí. Wọ́n fẹ́ gé tèmi náà. Ìyá mi ló kọ̀. Tíṣà ni, kò gba ìgbàkugbà. Ó ní, "Ìrora tí mo jẹ lọ́jọ́ tí mo bí ọ, ẹnì kankan ò bá mi gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Ọdún kankan ò ní kúrò." Bí mo ṣe di àgbà nìyẹn.

Ohun tó wá burú nínú ẹ̀ ni ọmọ. Ọmọ àǹtí mi ti ga tó mi, ó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, èèyàn sì ní láti ṣe ìṣirò díẹ̀ kó tó lè sọ bí ẹni tí ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ẹ̀ kéré báyẹn ṣe bímọ tó tóbi báyẹn. Wọ́n wá fi ọmọ náà ṣe àbúrò. Nínú ilé, Mummy ni. Tí wọ́n bá ti jáde, tí wọ́n kọjá róbọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn iná ojú pópó, Mummy ti di Sis. Ọmọ náà ò ṣì í rí. Èdè Yorùbá ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo ohun tá a bá bi í, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n ju àwa tá a bí síbi irọ́ lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kóòṣì. Ará Soweto ni, ó sanra, inú ẹ̀ dára, sùúrù ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Nígbà tá a wọ yàrá ìmúra lọ́jọ́ góòlù yẹn, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró síwájú mi.

"Ṣé iṣan ló fà ọ́ lẹ́sẹ̀?"

Mo ní rárá.

"Ṣé àdúrà lò ń gbà? Tó bá jẹ́ àdúrà ni, sọ fún mi, kí lo ní kí Ọlọ́run ṣe?"

Mo ní mò ń kí i ni. Ó ní kí ta ni? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n báwo?" Ó yí sí àwọn yòókù bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. "Ìwọ lo jù ú lọ. Ta ni kò mọ̀ pé ìwọ lo jù ú lọ?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo gbé ẹsẹ̀ sí. Tí mo bá ṣàlàyé ara mi tán, mo ti pa àǹtí mi nìyẹn. Mo wá irọ́ kan wá kíá. Mo ní, "Eish, kóòṣì, àwa ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá la máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, a sì máa ń kúnlẹ̀ kí i." Irọ́ burúkú gbáà.

Kóòṣì fi ìka tọ́ka sí ara ẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá. O ò kúnlẹ̀ fún mi rí."

Ó wá jókòó tì mí, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó ní sáà ń parí lọ, àdéhùn tèmi náà ń parí lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá kíláàbù ní ọ́fíìsì wọn ní Marshalltown ti wo fídíò náà ní àwòtúnwò, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dára fún mi. A ṣì máa pàdé tíìmù àǹtí mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí sáà tó kásẹ̀ nílẹ̀. "Ìwọ ni màá fi tì í," ó ní. "Tí ọmọbìnrin yẹn bá tún fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọjá lára ẹ, má wulẹ̀ padà wá bá mi. Lọ palẹ̀ bàtà ẹ mọ́."

Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Mi ò mọ irun dì, mi ò mọ aṣọ rán. Mo ti gbìyànjú oúnjẹ títà rí, àwọn tó jẹ ẹ́ ló bẹ̀ mí pé kí n padà sórí pápá. Tí kíláàbù bá sì ti fi mí sílẹ̀, ìwé ìgbélùú mi náà ti parí nìyẹn. Màá padà sílé pẹ̀lú orúnkún tó ń ró kẹ̀kẹ̀ àti fídíò kan tí gbogbo ẹbí ti wò.

Mo rò pé màá rí ẹni bá mi kẹ́dùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbà mí! Ìjọ wa wà ní Braamfontein, lókè ilé ọ́fíìsì kan, àwọn dókítà, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ẹnjiníà àti àwọn akáùńtáǹtì ló kún ibẹ̀. Bí mo ṣe wọlé báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní kí n dìde dúró. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́! Nínú ariwo, nínú ìjà, ó rántí ilé!" Wọ́n ní àmín. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ti fi fídíò náà han àwọn ọmọ òun tó jẹ́ pé wọ́n á kàn ju ọwọ́ sókè, wọ́n á ní "Hi". Dókítà kan ní irú èmi yìí lòun ń wá fún ọmọ òun ọkùnrin. Akáùńtáǹtì kan ṣoṣo ló bi mí bóyá wọ́n ka góòlù náà. Mo ní wọ́n kà á. Ó mi orí, ó ní, "Kò burú, ti ẹ̀kọ́ la ń wò."

Gbogbo ìjọ yẹn ló mọ ọjọ́ orí àǹtí mi, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Òun fúnra ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn àwọn tó ń gbàlejò, ó ń fi èèyàn sí ìjókòó, ẹ̀rín sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan yìn mí níwájú ẹ̀. Ó ní, "Èmi kúkú ni mo kọ́ ọ." Inú bí mi débi tí mi ò mọ orin tí wọ́n ń kọ mọ́.

Mo pe ìyá mi. Mo ní, "Màmi, wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́." Ó ní, "Kí wọ́n lé ọ. Wọn ò ní lè sọ pé mi ò tọ́ ọ." Mo pa fóònù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló gbà mí. Kípà wa, ọmọ Zulu, ló dá a lábàá. Ó ní, "Àwa náà ń bọ̀wọ̀ fágbà nílé wa, my sister, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà kọ́nà." Ó ní kí n kọ́ wọn ní ohun tí obìnrin yẹn sọ fún mi, kí wọ́n lè máa sọ ọ́ fún mi títí ara mi á fi mọ́ ọn. Mo kọ́ wọn. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn tí a bá ti sá eré tán, wọ́n á tò yí mi ká níwájú góòlù, ẹnì kan á gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti igun, gbogbo wọn á sì pariwo mọ́ mi pé, "O ò rí mi kí? O ò rí mi kí?" Ohùn wọn wọ́, ohùn wọn yí, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí létí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ fún kípà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kóòṣì náà wá dara pọ̀, pẹ̀lú ikùn ẹ̀, ó ń tì mí, ó ń bá mi wí ní Yorùbá bí bàbá ìyàwó. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Wọ́n á pariwo, màá fò. Ẹni tó bá kọjá lọ lójú ọ̀nà lásìkò yẹn á rò pé a ti ya wèrè.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe àǹtí mi. Mo wá pinnu pé màá lọ bẹ̀ ẹ́.

Mo lọ sí Mayfair lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ò ní ìdánrawò. Ọmọ ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Hi, Auntie. Mummy's inside." Àǹtí mi wà lórí àga, ó na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí, ó gbé àpò ewébẹ̀ tó ti dì bí yìnyín lé orúnkún. Bó ṣe rí mi, ó fa ìró bò ó. Mo kúnlẹ̀, dájúdájú. Ìyẹn ò sí lára ìjà wa.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ ṣe fún mi yẹn ò dáa."

"Kí ni mo ṣe? Mo ní kó o kí mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kọ́nà ń bọ̀ lẹ ṣe é!"

"Ìgbà wo ló yẹ kí n ṣe é? Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ tán?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú ń bí mi, méjèèjì pa pọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí kóòṣì sọ fún un, mo ní tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, wọ́n máa lé mi, ilé ni màá lọ. Ó ń fi ọwọ́ tẹ ewébẹ̀ yẹn lábẹ́ ìró.

"Ìwọ ṣì lè sáré," ó ní. "Máa sáré ẹ. Èmi, ohun tí mo bá rí ni màá fi gbá a."

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Etí mi gbọ́ ọ, ọpọlọ mi ò gbọ́ ọ. Ìbínú ti ru mí sókè. Mo ní, "Tí mo bá lọ sọ ọjọ́ orí yín fún kóòṣì mi ńkọ́?"

Ọmọ ẹ̀ ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì. Ariwo abọ́ dáwọ́ dúró. Àǹtí mi wo ojú mi, kò ṣẹ́jú.

"Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kúnlẹ̀ kó o tó sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ lo fẹ́ sọ." Ó wá kọ ojú sí kíṣìnì. "Bu oúnjẹ fún àǹtí ẹ. Ebi ló ń pa á."

Mo jẹun. Mo fi ìbínú jẹ ẹ́ tán, mo sì bu kún un.

Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pé. Ní pápá tiwọn ni. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n jókòó sáàárín gbùngbùn, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa bá yọ̀. A ò tíì gbá a jìnnà tí kọ́nà àkọ́kọ́ fi wáyé. Àǹtí mi wá dúró tì mí.

"O ò rí mi kí?"

"Ẹ káàsán, mà," mo ní, mo wà lórí ìdúró. Itan mi fẹ́ tẹ̀, mi ò gbà fún un. Bọ́ọ̀lù dé, mo fò, mo fi orí gbá a jáde. Àwọn ará wa tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pariwo, "Yebo!", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni lédè wọn. Kóòṣì mi ń fò sókè, ikùn ẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Ó yí ọgbọ́n. "Màmá ẹ ńkọ́?" "Wọ́n wà, wọ́n ní kí n kí yín," mo sì ti gba bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí mi ò rò. Ó pe oríkì mi. Oríkì tí ìyá ìyá mi fún mi, tí ẹnì kankan ò pè mí ní gbogbo Gúúsù Áfíríkà yìí, ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí mo fi máa rántí ara mi, ó ti kọjá. Kípà wa ló fi ìka yọ bọ́ọ̀lù náà lójú góòlù. Kóòṣì mi di orí mú. Ìkà ni obìnrin yẹn, mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo fi "mà" kún un.

Lẹ́yìn ìsinmi, nǹkan yí padà. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan sílẹ̀ fún un, àwa méjèèjì ṣíra. Ní Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tó ń bá obìnrin yìí sáré. Mo bá a. Mi ò tíì lo gbogbo agbára mi tí mo fi bá a. Mo wo ìbàdí ẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ìbàdí náà ń lọ sọ́tùn-ún, orúnkún ẹ̀ ò bá a lọ. Mo kàn na ẹsẹ̀, mo gba bọ́ọ̀lù, bí ẹni gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n tún gbá òmíràn. Mo tún gbà á. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, èémí ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi.

Ìgbà yẹn ni ohun tó sọ ní Mayfair tó yé mi. Kò sí eré lẹ́sẹ̀ ẹ̀ mọ́. Kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ góòlù yẹn. Ọjọ́ orí tó ti ń fi pamọ́ fún gbogbo ayé láti ọjọ́ yìí wá, òun nìkan ló kù tó lè fi gbá bọ́ọ̀lù, èmi nìkan ló sì lè lò ó fún nínú gbogbo ìlú yìí. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ pápá, ọmọbìnrin kékeré kan ti ń na ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ òtútù ẹ̀, wọ́n fẹ́ fi rọ́pò àǹtí mi. Ọkàn mi ní, jẹ́ kó kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, góòlù kan ò pa èèyàn. Mo tún wo kóòṣì mi. Mo rántí bàtà tó ní kí n palẹ̀ ẹ̀ mọ́.

Kí n sọ ibi tó já sí fún yín kí n má baà fi yín sínú òkùnkùn: wọ́n fún mi ní àdéhùn tuntun. Ti àǹtí mi, wọn ò tún un ṣe.

Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn balẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Ó fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ lọ, mo rí i lójú ẹ̀. Mo wọlé, mo gbà á, bọ́ọ̀lù nìkan ni ẹsẹ̀ mi kàn. Rẹfirí ò fun fèrè, torí kò sóhun tó fẹ́ fun ún fún. Mo gbọ́ kóòṣì mi lẹ́yìn, "Shap! Shap!", ìyẹn ni pé ó dáa. Ṣùgbọ́n àǹtí mi ti ṣubú, kò sì dìde.

Mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, mo sáré padà. Mi ò rántí ibi tí mo wà mọ́. Mo pariwo, "Àǹtí! Àǹtí mi, ẹ má bínú! Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí!"

Kóòṣì tiwọn ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú omi. Rẹfirí náà dé. Kóòṣì náà wò mí, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀, ó tún wò mí. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí àǹtí túmọ̀ sí ní ìlú yìí.

"Auntie?" ó ní. "Ta ni auntie ta ni?"

Mo ti ṣe é. Ohun tí mo fi halẹ̀ mọ́ ọn tí mi ò ní i lọ́kàn láti ṣe, mo ti fi ẹnu ara mi ṣe é níwájú kóòṣì ẹ̀.

Àǹtí mi la ojú. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀, ó kún, ojú ẹ̀ nìkan ni kò sí nínú ẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé yẹ̀yẹ́ lásán ni, pé bí mo ṣe máa ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, èmi gan-an ni àgbà. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sókè sí mi, bí ọmọdé ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́:

"Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ẹ gbá a dáadáa."

Wọ́n ń wò wá. Kóòṣì ẹ̀ ń wò wá. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń dúró kí n dá a lóhùn. Ara mi kọ̀ ọ́, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo gba ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi," mo sì fà á dìde.